Ìgbì Ẹnu Ọ̀sà Èkó nínú Ìtàn Èkìtì

Bí a bá dárúkọ Èkìtì, òkè ni ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn. Àwọn àgbà sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ náà ti jáde, ẹni tí ó bá sì ti gba abẹ́ àpáta Olósùnta kọjá ní Ìkẹ̀rẹ́, tàbí tí ó ti dúró ní Adó tí ó gbé ojú sókè wo Òkè Ayọ̀ba, kò ní jiyàn. Adó ga ju ojú òkun lọ ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà, etí òkun tí ó sì súnmọ́ ọn jù lọ jìnnà sí i ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ. Bóyá nítorí èyí ni a ṣe máa ń sọ ìtàn Èkìtì bí ẹni pé kò sí òkun ní ayé. A óò sọ ti Ilé-Ifẹ̀ níbi tí àwọn ọba ti gbé adé wá. A óò sọ ti Ìbíní àti ogun rẹ̀. A óò sọ ti Ìbàdàn àti àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀. A óò sọ ti Kírìjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè ọ̀nà tí ìbọn Kírìjì gbà dé orí òkè, bẹ́ẹ̀ ni a kì í béèrè ẹnu ọ̀nà tí kòkó Èkìtì gbà bọ́ sí ọjà ayé.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ẹnu ọ̀nà kan wà tí ọ̀ràn Èkìtì ti ń gbà wọlé tí ó sì ti ń gbà jáde láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àti pé ìgbì òkun ni aṣọ́nà rẹ̀. Aṣọ́nà náà ní ìgbà tí ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn àti ìgbà tí ó máa ń tì í. Ẹnu ọ̀nà náà ni ẹnu ọ̀sà Èkó. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn Èkìtì láìmẹ́nu ba ìgbì tí ń fọ́ níbẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó kọ.

Ẹ̀fúùfù àti Ìgbì

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń gbé ìgbì náà dìde, nítorí pé ó bá òjò oko Èkìtì tan. Ní ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní agbègbè erékùṣù St Helena, afẹ́fẹ́ wúwo kan wà tí kì í kúrò níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Láti ara rẹ̀ ni ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ bọ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ̀fúùfù yìí bá ti ré ìlà agbede-méjì ayé kọjá, yíyí tí ayé ń yí a mú kí ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún, a sì di ẹ̀fúùfù tí ń ti àárín gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn fẹ́. Omi tí ó ti fà láti inú òkun ní ọ̀nà ni ó ń rọ̀ sí orí wa ní òjò. Ẹ̀fúùfù gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, èyí tí a ń pè ní ọyẹ́, ni ó ń bá a jìjàkadì. Ìjàkadì àwọn méjèèjì ni ó pín ọdún wa sí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ọyẹ́ a ti ẹ̀fúùfù òkun sẹ́yìn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí omi. Adó a gbẹ, ètè ọmọdé a là, eruku a sì bo àwọn òkè mọ́lẹ̀ tí a kò fi ní rí wọn. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ̀fúùfù òkun a padà dé, ìjì líle tí ń ti ìlà oòrùn bọ̀ a sì ṣíwájú òjò àkọ́rọ̀. Títí di oṣù kẹjọ, ẹ̀fúùfù òkun yóò ti gba ilẹ̀ lọ títí dé etí aṣálẹ̀. Ní oṣù kẹjọ yìí kan náà ni òjò máa ń dá díẹ̀ ní Èkìtì, kí àrọ̀kúrò tó dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá.

Ìgbì náà ní àsìkò tirẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òjò rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Oríṣi ìgbì méjì ni ó ń dé etí òkun wa. Èkíní ni èyí tí ẹ̀fúùfù ìtòsí ń rú sókè. Kúkúrú ni, kò sì létò. Èkejì ni ìgbì àjò, òun sì ni ó lágbára jù. Ìjì ńláńlá tí ń jà ní gúúsù jíjìnnà réré, ní ọ̀nà ilẹ̀ yìnyín, ni ó ń bí i. Nígbà tí ó bá jẹ́ ìgbà òjò lọ́dọ̀ wa, láti oṣù karùn-ún títí dé ìkẹsàn-án, ìgbà òtútù ni lọ́hùn-ún, ìjì ibẹ̀ a sì máa le. Ìgbì tí ó bá ti ibẹ̀ gbéra a rin ìrìn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì, yóò sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó fọ́ sí etí òkun Èkó. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni ó ń rìn; láàárín ọ̀kan àti èkejì rẹ̀ a máa tó ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá sí mẹ́rìndínlógún. Ní ojú agbami, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lè má mọ̀ pé ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ilẹ̀ ní abẹ́ omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ a ga, a sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí a lè gbọ́ ní ọ̀nà jíjìn.

Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ìjì lọ́hùn-ún a rọ̀. Ní òwúrọ̀ ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ láti ilẹ̀ sí omi, ojú òkun a sì tẹ́jú ju ti ìgbà òjò lọ. Nítorí náà, nígbà tí inú àgbẹ̀ Adó bá ń dùn pé òjò rọ̀, nígbà náà ni atukọ̀ Èkó máa ń fi ọwọ́ lérán.

Òkìtì Inú Omi

Èkìtì nìkan kọ́ ni ó ní òkìtì. Ní ẹnu ọ̀sà Èkó, níbi tí omi ọ̀sà ti ń bá òkun pàdé, òkìtì yanrìn kan wà ní abẹ́ omi láyé àtijọ́. Láti ara orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe òkìtì náà ni wọ́n ti sọ etí òkun ìtòsí rẹ̀ ní Bar Beach. Ìgbì tí ń ti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ kì í kọjú sí ilẹ̀ Èkó gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń kàn án. Bí ó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kàn án ni ó ń wọ́ yanrìn láti ìhà ilẹ̀ Dàhòmì lọ sí ìhà ìlà oòrùn, tọ̀sán tòru, láìsimi. Yanrìn yìí ni ó ń dí ẹnu ọ̀sà.

Omi ọ̀sà, ní tirẹ̀, a máa ti yanrìn náà síta. Omi Èkìtì sì wà lára omi tí ń tì í. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀; ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí, láti ibẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń gba inú ọ̀sà lọ sí Èkó. Nígbà tí odò Ọ̀ṣun àti odò Ògùn bá kún dé ẹnu ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi òjò tí ó rọ̀ sí orí òkè wa a lọ bá ìgbì òkun pàdé lórí òkìtì yanrìn náà. Ibi tí omi tí ń jáde bá ti kọlu ìgbì tí ń wọlé, ìgbì náà a túbọ̀ dúró ṣánṣán, a sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí àwọn Òyìnbó tó kọ́ ohunkóhun síbẹ̀, omi tí ó wà lórí òkìtì náà kì í sábà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá lọ, ọ̀nà tí ó jìn nínú rẹ̀ a sì máa yí padà. Ìgbì a máa fọ́ níbi tí jíjìn omi kò bá fi púpọ̀ ju gíga ìgbì lọ. Nítorí náà, bí ìgbì bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje tàbí mẹ́jọ, gbogbo ẹnu ọ̀sà a di funfun láti apá kan dé èkejì. Ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀. Òde ni ọkọ̀ ńlá ti ń ju ìdákọ̀ró, tí ọkọ̀ pákó tí a ń fi àjẹ̀ wà yóò sì máa lọ kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yà Kúrú, tí ilẹ̀ wọn wà ní Làìbéríà, ló gba orúkọ nínú iṣẹ́ yìí ní etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀gá wọn ni yóò máa ka ìgbì, tí yóò sì mọ ìgbà tí ọ̀wọ́ ńlá ti kọjá kí ó tó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ sí i. Èrò tí ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, inú àga pákó ni a ó gbé e sí, tí a ó fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá. Bí ẹni tí ó di okùn mú bá ṣi ìgbà mú, inú omi ni èrò yóò bọ́ sí, àwọn ẹja ekurá sì wà níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá gbà jáde nínú ìdè. Láti apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún títí di ọdún 1851, Èkó di ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹrú tí ó tóbi jù lọ ní etí òkun wa. Ẹni tí a mú lẹ́rú ní ilẹ̀ òkè, tí kò rí omi tí ó ju odò lọ rí, ìgbì yìí ni ohun ìkẹyìn tí ó rí ní ilẹ̀ baba rẹ̀.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì wá bá Ọba Kòsọ́kọ́ jà ní ọdún 1851, òkìtì yìí ni ó pinnu irú ogun tí wọn lè jà. Ìgbà méjì ni wọ́n kọlu Èkó, ní oṣù kọkànlá àti ní oṣù kejìlá. Àwọn ọkọ̀ ogun wọn tí ó tóbi jù dúró ní òde. Bloodhound àti Teazer, tí wọ́n jẹ́ ọkọ̀ elééfín kékeré, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àjẹ̀, ni ó wọ inú ọ̀sà. Ìkọlù kìn-ín-ní kùnà; èkejì ni ó lé Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì dá Akíntóyè padà sí orí oyè. Ẹ kíyè sí àwọn oṣù náà: ìgbà tí ìgbì máa ń rọ̀ ni. A kò lè sọ pé ìgbì nìkan ni ó mú wọn yan àsìkò náà, ṣùgbọ́n ọ̀gágun tí ó bá fẹ́ kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ àjẹ̀ la ẹnu ọ̀sà yẹn kọjá ní oṣù keje, ó ní láti kọ́kọ́ bá òkun jà kí ó tó bá ènìyàn jà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wa ti wà ní ọwọ́ àjèjì.

Ọ̀nà Tí Ìbọn Kírìjì Gbà

Àwọn ará Èkìtì tí ó wà ní orí òkè lè má mọ̀ nígbà náà bí ọ̀rọ̀ Èkó ti kàn wọ́n tó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀. Ní ọdún 1878 ni Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ láti já àjàgà náà dànù. Ogun tí ó tẹ̀ lé e ni a ń pè ní Kírìjì. Ògèdèǹgbé ni ó ṣíwájú Èkìtìparapọ̀. Ààrẹ Látòósà ni ó kó ogun Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti sọ ti akíkanjú àwọn jagunjagun wọ̀nyí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akíkanjú nìkan kọ́ ni ó mú kí Èkìtìparapọ̀ lè dúró ní iwájú Ìbàdàn tí ó ti fi ogun ṣe iṣẹ́ láti bí àádọ́ta ọdún.

Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kan wà tí wọ́n ti Sàró àti Brazil padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kó lẹ́rú rí, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ ẹni tí a kó lẹ́rú. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó; Philip Jose Meffre àti Joseph Haastrup wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn nínú ọ̀ràn ilé ní àkókò náà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ra ìbọn tuntun tí a ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn, irú èyí tí a ń pè ní Snider. Ẹni tí ó ń yin ṣákábùlà ní láti dìde dúró kí ó fi ọ̀pá gún ẹ̀tù mọ́lẹ̀ láti ẹnu ìbọn. Ẹni tí ó ní Snider lè dọ̀bálẹ̀ ní ẹ̀yìn òkúta kí ó yìn ín ní ìgbà púpọ̀ kí ti ẹnìkejì tó tún dún. Àwọn àgbà sọ pé ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè ni ó bí orúkọ Kírìjì.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn ìbọn náà. Ilẹ̀ Yúróòpù ni a ti rọ ọ́. Ọkọ̀ elééfín gbé e dé òde Èkó, níbi tí ọkọ̀ náà yóò ti máa mì lórí ìgbì títí àyè yóò fi gbà. Ọkọ̀ kékeré ni yóò gbé e la òkìtì yanrìn kọjá. Láti Èkó, kì í gba ọ̀nà Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà ìlà oòrùn ni yóò gbà, èyí tí ìjọba Gómìnà Glover ti ṣí ní ọdún 1872. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni yóò gbé e gba inú ọ̀sà lọ sí Atíjẹ́rẹ́, orí ènìyàn ni yóò sì gbà dé Òde Oǹdó, kí ó tó gun òkè dé ibùdó ogun. Iyọ̀, aṣọ àti ẹ̀tù gba ọ̀nà kan náà gòkè. Epo àti èkùrọ́ gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí ìgbì bá ti ilẹ̀kùn, ẹrù gbogbo ní láti dúró de òkun.

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ni ó dé tí wọn kò fi lo etí òkun tí ó súnmọ́ Èkìtì ju Èkó lọ? Etí òkun Ìlàjẹ, ní ilẹ̀ Máhìn, ni ó súnmọ́ wa jù. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe yanrìn. Ẹrẹ̀ rírọ̀ a máa gba agbára lọ́wọ́ ìgbì kí ó tó dé etí, nítorí náà ìgbì ibẹ̀ kò le bí ti Èkó. Ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ kò jìn títí dé òkèèrè, ọ̀sà kò sì ní ẹnu gbòòrò kan tí ó ṣí sí òkun níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò Jámánì ti ilé iṣẹ́ Gaiser rí i pé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó la òkun àti ọ̀sà ní Máhìn. Bí wọ́n bá lè sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò bọ́ lọ́wọ́ òkìtì yanrìn Èkó àti owó ibodè Èkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà Oǹdó yóò sì di tiwọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1885, Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí ọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n nínú ọdún náà gan-an ni Jámánì yọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ó kù díẹ̀ kí ẹnu ọ̀nà Èkìtì sí òkun yí padà, kí èdè tí a óò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ìwé sì yí padà pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni a ka ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ibùdó Kírìjì. Samuel Johnson àti Charles Phillips wà lára àwọn tí wọ́n sáré láàárín ìhà méjèèjì kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá.

Ògiri Òkúta

Lẹ́yìn ogun, òwò ni ó kù. Ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní ọdún 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Èkìtì kò rí ojú irin títí di òní, ṣùgbọ́n Òṣogbo kò jìnnà jù fún alárùú àti lẹ́yìn náà fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ìṣòro tí ó kù ni ẹnu ọ̀sà. Kí ni èrè ojú irin tí ó yára kó ẹrù dé Èkó bí ọkọ̀ ńlá kò bá lè wọlé wá gbé e? Ní àkókò náà, Fọ́kádò, tí ó wà ní ẹnu odò kan ní ilẹ̀ Ìjọ́ àti Ìṣẹ́kírì, ni ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù Èkó, tí ọkọ̀ kékeré yóò sì tún kó o wá. Ìkó-sílẹ̀ ìkó-sókè yìí ní owó tirẹ̀, ẹ̀yìn àgbẹ̀ àti òǹrajà ni owó náà sì ń já sí.

Nítorí náà ni ìjọba fi pinnu láti dá òkun lẹ́kun. Ní ọdún 1907, ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ tí a pè ní Egerton bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yanrìn ẹnu ọ̀sà. Ní 1908 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ògiri òkúta tí ó na ọwọ́ jáde sínú òkun ní ìhà ìlà oòrùn. Ní 1912 a bẹ̀rẹ̀ ti ìhà ìwọ̀ oòrùn. Láti ibi ìfọ́kúta Arò ní Abẹ́òkúta ni ojú irin ti ń kó òkúta wá. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé ògiri ìwọ̀ oòrùn yóò dá yanrìn tí ìgbì ń wọ́ bọ̀ dúró, omi ọ̀sà tí ó sì gba àárín ògiri méjèèjì yóò sáré, yóò fi agbára gbá ẹnu ọ̀nà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ní ọdún 1914 ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ èbúté Èkó. Ní 1926 a ṣí èbúté Àpápá. Aṣọ́nà tí ó ti ń ti ilẹ̀kùn láti ayébáyé pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Àkókò yìí náà ni kòkó gbilẹ̀ ní Èkìtì. Kòkó ni ó sọ ilé koríko di ilé páànù, ọkọ̀ òkun ni ó sì kó páànù náà dé. Ní ọdún 1933 ni Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó; láyé Ewì Aládésanmí Kejì, ẹni tí ó jọba láti 1937 dé 1983, Adó di ìlú tí a ń tọ́ka sí nítorí ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, owó kòkó wà lára òpó tí ó gbé e dúró. A máa ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé àgbẹ̀ ni ó fi kòkó rán ọmọ Èkìtì ní ilé ìwé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kòkó náà kò fò lọ sí òkè òkun. Àárín ògiri méjèèjì yẹn ni ó gbà kọjá.

Gbèsè Tí Ó Kù

Ìgbì kò kú. A kàn lé e kúrò ní ẹnu ọ̀nà ni. Yanrìn tí ògiri ìwọ̀ oòrùn dá dúró kó jọ sí ìhà ibẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì fẹ̀ sí i. Ní ìhà ìlà oòrùn, ìgbì ṣì ń wọ́ yanrìn lọ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò sí yanrìn tuntun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni òkun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí òkun Victoria. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó pé, ilẹ̀ tí ó ju kìlómítà kan lọ ti bọ́ sínú omi ní ìtòsí ògiri náà. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń da yanrìn síbẹ̀ tí òkun sì ń kó o lọ. Ní ọ̀rúndún yìí, a ti ń kọ́ ògiri mìíràn fún ìlú tuntun Eko Atlantic, tí ètò rẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́jọ àbọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, nínú àsìkò ìgbì líle tí a ti ṣàlàyé, omi òkun ya wọ etí òkun Kúramọ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ pẹ̀lú, Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní 1947 ti pàdánù ilé àti òpópónà sínú òkun. Ìdí ti Ayétòrò yàtọ̀ sí ti Èkó, nítorí pé ògiri Èkó kọ́ ni ó fa á. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ni òkun fi ṣe aládùúgbò wa jù lọ.

Kì í ṣe òfò nìkan ni ògiri bí. Ní ẹ̀yìn ògiri ìwọ̀ oòrùn ni Tarkwa Bay wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi pákó gun ìgbì. Àwọn náà mọ̀ pé láti bí oṣù kẹrin dé ìkẹwàá ni ìgbì àjò máa ń dé dáradára, pé òwúrọ̀ ni ó sàn kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dà á rú, àti pé ìgbì ìgbà ọyẹ́ máa ń kéré ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa dán. Fíìmù The Endless Summer, tí ó jáde fún gbogbo ayé ní 1966, fi àwọn ará Amẹ́ríkà hàn bí wọ́n ti ń gun ìgbì ní Gánà àti ní Èkó. Ẹni tí ó bá wò ó lè rò pé àwọn ni wọ́n kó eré náà wá fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Michael Hemmersam, ará Jámánì tí ó gbé ní etí òkun Gánà láàárín 1639 sí 1645, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí ibẹ̀ máa ń so àwọn ọmọ wọn mọ́ pákó, wọn a sì jù wọ́n sínú omi. Ìmọ̀ tí ọ̀gá atukọ̀ Kúrú fi ń ka ìgbì kì í ṣe ìmọ̀ tí a kó ti òkè òkun dé.

Nítorí náà, ohun méjì ni ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ nípa Yorùbá ṣe. Èkíní, kí a dẹ́kun pípín ìtàn wa sí ti ará òkè àti ti ará omi, bí ẹni pé ọ̀kan kò kan èkejì. Bí a bá ń ṣe àkójọ ìtàn ìlú kan ní Èkìtì, kí a béèrè ibi tí iyọ̀ rẹ̀ ti wá, orúkọ tí wọ́n ń pe ìbọn tí wọ́n fi jagun, ọ̀nà tí aṣọ àti páànù rẹ̀ gbà dé. Gbogbo wọn ni yóò mú wa dé etí omi. Èkejì, nígbà tí a bá gbọ́ pé òkun tún ti gba ilé àwọn ènìyàn kan ní Èkó tàbí ní Ìlàjẹ, kí a má ṣe kà á sí ọ̀ràn ẹni ẹlẹ́ni. Ilẹ̀kùn tí a ṣí kí ẹrù wa lè kọjá, ará etí òkun ni ó ń san owó rẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà ni ó bá ọ̀ràn tiwa mu. Ìgèdè ni orísun. Òkun ni ibi tí omi ń lọ. Orísun pẹ̀lú kò gbọdọ̀ gbàgbé ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí, nítorí pé láti ojú òkun náà ni òjò tí ó ń bọ́ ọ ti ń padà wá.